A Tẹ Iná, Ọkọ̀ Ṣì Ń Rò Ó

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tí kì í ra ọkọ̀ tó ti parí. Wọ́n á jó irin ṣáásí pọ̀ nínú gáréèjì ẹ̀yìnkùlé, wọ́n á wá ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì, jíà àti wáyà rẹ̀, wọ́n á sì fi to tiwọn. Lotus Seven tí Colin Chapman gbé jáde ní 1957 ni baba ńlá ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé tí Ron Champion kọ ní 1996 ló jẹ́ kí ẹni tí kò lówó Lotus mọ̀ pé òun náà lè tò ó. Èyí tí mò ń yẹ̀ wò ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi kan. Ṣáásí rẹ̀ rí bíi ti Seven, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti Mazda MX-5 ìran kẹta. Tó bá tẹ iná, ọkọ̀ á kọ́kọ́ dákẹ́, á wá fò síwájú lójijì. Nígbà mìíràn, agbára á kàn relẹ̀ pátápátá, iná ẹ́ńjìnnì á sì tàn.

*

Nígbà tí kéébù ló so pẹ́dàlì mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹsẹ̀ awakọ̀ gan-an ló ń ṣí trótù, ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì. BMW 750i tó jáde ní 1987 wà lára àwọn tó kọ́kọ́ yọ kéébù náà kúrò. Corvette tẹ̀ lé e ní 1997. Lónìí, agbára káká la fi ń rí ọkọ̀ tuntun tó ṣì ní in. Ẹsẹ̀ kò ṣí nǹkan kan mọ́, ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Bréènì-bọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ló ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà, á wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yára yí sí, bó ṣe gbóná tó, àti bóyá wọ́n tẹ búréèkì, kó tó pàṣẹ fún mọ́tò kékeré tó wà lára trótù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní pẹ́dàlì òun ò dáhùn kò tíì sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

*

Sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà nínú pẹ́dàlì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wáyà mẹ́ta: èyí tó ń gbé fọ́ọ̀tì 5 wá, ẹ́ẹ̀tì, àti èyí tó ń mú ìròyìn padà lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ohun tí èkíní bá sọ, ìdajì rẹ̀ ni èkejì gbọ́dọ̀ sọ. Bí èkíní bá wà ní fọ́ọ̀tì 1 nígbà tí a kò tẹ nǹkan kan, èkejì á wà ní 0.5. Bí èkíní bá gòkè dé 4, èkejì á dé 2. Bréènì-bọ́ọ̀sì kì í yé fi wọ́n wé ara wọn. Bí ẹnu wọn ò bá ti kò, á kọ kóòdù P2138 sílẹ̀, á sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Inú máa ń bí àwọn ènìyàn sí i, wọ́n á ní ọkọ̀ ń ya aláìgbọràn. Lójú tèmi, kò sí ohun tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú gbogbo iṣẹ́ iná ọkọ̀. Sẹ́ńsọ̀ kan ṣoṣo tó bá purọ́ lè ṣí trótù gbayawu lójú títì, níbi tí àwọn ọmọ ẹlòmíràn ti ń sọdá.

*

Rewáyà kan ní Ìbàdàn tí mo ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi fún lórí fóònù kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ẹ́ẹ̀tì ná."

Òótọ́ ló sọ! Ara ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ti ilé iṣẹ́ wá jẹ́ irin látòkè délẹ̀, irin yẹn ló sì ń dá iná padà sí bátìrì. Ara ọkọ̀ àfọwọ́tò sábà máa ń jẹ́ fáíbà, fáíbà kì í gbé iná. Ṣáásí rẹ̀ jẹ́ irin lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti fi ọ̀dà tó nípọn bò ó, ẹni tó bá sì de bóòtì mọ́ orí ọ̀dà kò tíì de nǹkan kan. Ọ̀rẹ́ mi tan ẹ́ńjìnnì, ó tan iná iwájú àti fáànù, ó fi ẹnu mítà kan sí orí òdì bátìrì, èkejì sí ibi tí ẹ́ẹ̀tì bréènì-bọ́ọ̀sì wà. Kò yẹ kí ohun tí mítà máa kà ju nǹkan bíi fọ́ọ̀tì 0.1 lọ. Tirẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa.

Ohun tó burú jù ni pé ṣáásí ló so ẹ́ẹ̀tì àwọn sẹ́ńsọ̀ pẹ́dàlì mọ́, dípò kó dá a padà tààrà sí bréènì-bọ́ọ̀sì. Bí fáànù bá ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ́ẹ̀tì yẹn á gbéra sókè ní nǹkan bíi 0.2, ìròyìn sẹ́ńsọ̀ méjèèjì á sì gbéra pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: 1 á súnmọ́ 1.2, 0.5 á súnmọ́ 0.7. Ìdajì ti bàjẹ́ nìyẹn, kóòdù dé, agbára sì lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ìgbà tí oòrùn bá mú, tí ojú ọ̀nà sì dí, ni ọkọ̀ náà máa ń ya olórí kunkun. Pẹ́dàlì tuntun tí ọ̀rẹ́ mi ti rà láti fi rọ́pò kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan, èyí àtijọ́ náà kò ní.

*

Ibi tí ẹsẹ̀ ń gbé nínú Seven há gan-an. Pẹ́dàlì tó wá láti inú ọkọ̀ mìíràn lè kan ilẹ̀ kó tó dé òpin ìrìn rẹ̀. Kí ẹ so ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù mọ́ ọkọ̀, kí ẹ tẹ iná dópin, kí ẹ wo iye tó kà. Tí kò bá tó iye tó ń kà nígbà tí pẹ́dàlì kò kan nǹkan kan, ẹ sún ibi tí ẹ de pẹ́dàlì mọ́. Kí ẹ sì fi irin dí i lẹ́yìn, torí ike ni apá pẹ́dàlì, ẹsẹ̀ ẹni tí ẹ̀rù bà lè ṣẹ́ ẹ.

*

Ní 2009 àti 2010, Toyota pe ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ padà nítorí ẹjọ́ pé wọ́n ń dá sáré. Ìjọba Amẹ́ríkà ní kí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ NASA yẹ iná wọn wò, àbọ̀ sì jáde ní oṣù kejì 2011: wọn kò rí ibi tí iná ti lè fa eré àsápajúdé náà. Ṣùgbọ́n nínú àwọn pẹ́dàlì tó ní sẹ́ńsọ̀ àtijọ́, èyí tí apá inú rẹ̀ ń ha ara wọn, wọ́n bá irun tín-ín-rín tí tánganran hù fúnra rẹ̀, tó sì lè so wáyà méjì tí kò yẹ kó pàdé. Ẹni tó bá ra pẹ́dàlì àlòkù, kó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ látòkè délẹ̀ pẹ̀lú oscilloscope tó ń yàwòrán fọ́ọ̀tì. Mítà lásán lọ́ra jù láti rí ibi tí ìròyìn ti fò fún ìdá kékeré nínú ìṣẹ́jú àáyá kan.

*

Wọ́n ń ta àpótí kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ àárín pẹ́dàlì àti wáyà rẹ̀, pé ó ń jẹ́ kí ọkọ̀ yá. Kò fi agbára kankan kún ẹ́ńjìnnì. Ó kàn ń sọ fún bréènì-bọ́ọ̀sì pé ẹsẹ̀ tẹ̀ jù bó ṣe tẹ̀ lọ ni. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn nímọ̀ràn láti rà á.

*

Ọ̀rẹ́ mi ha ọ̀dà kúrò lára ṣáásí, ó dá ẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ padà síbi tó yẹ, kóòdù kò padà wá mọ́. Ṣùgbọ́n fífò lójijì ṣì wà. Èyí kì í ṣe àìsàn: ọkọ̀ tó tó nǹkan bíi 1,100 kílò ni Mazda ṣe ìṣirò pẹ́dàlì náà fún, Seven kò sì ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ṣíṣí díẹ̀ tó ń rọra gbé MX-5 ń ta ọkọ̀ yìí bí òkò. Ọ̀rẹ́ mi ti ń fi kọ̀ǹpútà tún ìṣirò náà ṣe, kí ìdá mẹ́ta àkọ́kọ́ pẹ́dàlì lè rọ̀. Ohun kan ṣì kù: tó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì á lọ́ra kó tó sọ̀kalẹ̀. Ilé iṣẹ́ ló fi í sí i bẹ́ẹ̀ kí èéfín má bàa pọ̀, ọ̀rẹ́ mi sì ti ní òun ò ní fọwọ́ kàn án títí ìjọba á fi yẹ ọkọ̀ náà wò tán.