Òdo Tí Ó Bo Máàkì Ọmọ Ọlọ́mọ

Ẹ̀yin òbí wa ọ̀wọ́n àti ẹ̀yin ọmọ kéú, àṣìṣe wa ni a fẹ́ jẹ́wọ́ lójú ewé yìí.

Ní ọdún tí ó kọjá, àwa fúnra wa ni a jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ṣe ètò tí yóò máa tẹ èsì ìdánwò. Èdè C ni a fi kọ ọ́, èyí tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà láàárín 1969 sí 1973. A fún orúkọ kọ̀ọ̀kan ní àyè 8, a sì fi máàkì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gẹ́lẹ́. Máàkì ni a kọ́kọ́ ń fi sílẹ̀ kí a tó da orúkọ kọ.

Ọmọkùnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Muhammad. Nígbà tí èsì Fíkíhì jáde, òdo ni ó wà níwájú orúkọ rẹ̀. A bá a wí lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, omijé ni ó fi dá wa lóhùn. Ní ọjọ́ kejì bàbá rẹ̀ mú ìwé ìdánwò rẹ̀ wá. “Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.” Bírò pupa tiwa ni ó wà níbẹ̀: 87.

Òru ọjọ́ náà ni a tó rí ìdí rẹ̀. C kì í kọ gígùn ọ̀rọ̀ sí ibì kankan. Òdo kan ni ó máa ń fi sẹ́yìn lẹ́tà tí ó gbẹ̀yìn, bí àfáà ṣe ń fa ìlà sára wàláà pé ibí ni kéú òní parí sí. Strcpy, tí a fi ń da ọ̀rọ̀ kọ, kì í dúró àfi tí ó bá da òdo náà kọ tán, kò sì ní béèrè bóyá àyè tó. Ọmọ kéú tí wàláà rẹ̀ bá kún yóò gbójú sókè wo àfáà. Strcpy yóò máa kọ ọ́ lọ sórí wàláà ẹni tí ó jókòó tì í. Lẹ́tà 8 ni Muhammad, òdo ìparí ṣe ìkẹsàn-án, orí 87 ni ó sì bọ́ sí. Habibat àti Yusuf ni a fi dán ètò náà wò (ẹ wo ìwà ọ̀lẹ!), àyè sì gba àwọn méjèèjì.

Àwọn kan ní kí a lo strncpy, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá kún àyè tán, kì í fi òdo sí i mọ́. Snprintf ni a wá lò. A máa ń sọ ìwọ̀n àyè fún un, yóò gé èyí tí ó bá lé, yóò sì fi òdo rẹ̀ síbẹ̀. A sọ àyè orúkọ di 64.

A pe ọmọ náà jáde lójú ẹgbẹ́ rẹ̀ kan náà, a tọrọ àforíjì, a ka 87 rẹ̀ sókè. Ó ní, “Àfáà, ẹ bá mi fi Lárúbáwá tẹ orúkọ mi. Lẹ́tà 4 péré ni, kò ní kan máàkì mọ́.” A rẹ́rìn-ín, a sì jọ kà á lórí kọ̀ǹpútà: míìmù gba àyè 2, háà 2, míìmù 2, dáálì 2. 8 náà ni, òdo sì tún ṣe ìkẹsàn-án.