Ọkọ̀ Pupa Tí N Kò Rà

Ẹ̀yin ọmọ mi, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá fẹ́ arẹwà, ìyọnu ni ó fẹ́. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo rò pé ọ̀rọ̀ ìyàwó nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ìgbà tí mo fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni mo tó mọ̀ pé ó bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wí pẹ̀lú.

Ní ọdún 1979, nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, dókítà kan a máa gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá nínú Toyota Celica pupa. Ilẹ̀kùn méjì péré ni ọkọ̀ náà ní. Bí ó bá sì ń lọ, a ó máa wò ó títí yóò fi pòórá. Mo sọ nínú ọkàn mi pé èmi náà yóò ní irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé-ìwé àwọn ọmọ àti ilé kíkọ́ kò jẹ́ kí n rántí rẹ̀ mọ́, títí Toyota fi dáwọ́ ṣíṣe Celica dúró ní ọdún 2006.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí mo gba owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo rí Celica pupa kan níbi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní Ìbàdàn. Ọdún 2001 ni wọ́n ṣe é, láti Amẹ́ríkà ni ó sì ti wá. Nígbà tí mo wo aago tí ń ka ìrìn rẹ̀, máìlì 187,000 ni mo bá níbẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí kìlómítà 300,000. Ẹni tí ó bá yí ayé ká lẹ́ẹ̀kan yóò rin nǹkan bí kìlómítà 40,000. Nítorí náà, ìrìn ọkọ̀ yìí tó yíyí ayé ká ní ìgbà méje àti ààbọ̀. Ẹni tí ń tà á kò sì fi í pamọ́. Ó ní, "Bàbá, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ti rìn. Mi ò fọwọ́ kan aago rẹ̀."

Oorun kò kùn mí ní òru ọjọ́ náà. Òrùlé ilé wa ń jò, èmi àti ìyàwó mi sì ti fohùn ṣọ̀kan pé owó ìfẹ̀yìntì ni a ó fi tún un ṣe. Ní òwúrọ̀, nígbà tí ó bi mí pé níbo ni mo ń lọ, mo ní mo fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ mi kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ìdí ọkọ̀ ni mo lọ. Nígbà tí mo dé, ó ní, "Ṣé ara wọn ti ń le?" Mo ní ó ti ń le. Ni ó bá se ọbẹ̀ ẹja, ó ní kí n gbé e lọ fún aláìsàn náà ní ọjọ́ kejì.

Ní ọjọ́ kejì, mo mú mẹkáníìkì kan dání, ẹni tí mo kọ́ ní ìwé kẹrin nígbà kan rí. Ó fi lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 tí ó wà lára ọkọ̀ wé ti inú ìwé àwọn aṣọ́bodè, wọ́n sì bára mu. Ó ní kí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì nígbà tí ó ṣì tutù, ó sì lọ dúró sẹ́yìn ọkọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé bí èéfín bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó. Bí ó bá dúdú, epo ni ó pọ̀ jù. Bí ó bá sì funfun, tí kò tán nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, ó ṣeé ṣe kí omi máa wọ ibi tí kò yẹ. Èéfín ọkọ̀ yìí kò ní àbùkù. Inú mi dùn.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó pẹ́ kí ó tó jáde. Ó ní, "Sà, ìrìn tí ó ti rìn kọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ ní in tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Àwọn tí ó fẹ́ kí ó wu ojú ni wọ́n bà á jẹ́." Wọ́n ti gé sípíríǹgì rẹ̀ kí ó lè rẹlẹ̀, bí ó bá já sí kòtò, kò ní àyè tí yóò fi tẹ̀ bí ó ti yẹ, sípíríǹgì náà sì lè yẹ̀ kúrò níbi tí ó jókòó sí. Wọ́n fi rímù ńlá àti táyà pẹlẹbẹ sí i, èyí tí ojú ọ̀nà wa yóò tètè bàjẹ́. Wọ́n yọ ohun tí ń sọ èéfín di mímọ́ kúrò, kí ó lè máa bú bíi kìnnìún. Kò sì sí ìwé kan tí ó sọ ẹni tí ó ṣe gbogbo rẹ̀.

Mo gbé ọbẹ̀ ẹja fún un. Bí ó ti ń jẹ ẹ́, ó ní, "Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá." Ojú tì mí gidigidi. Aago ọkọ̀ àtijọ́ náà sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀. Èmi tí mo ti na ọ̀pọ̀ ọmọ nítorí irọ́, mo ti pa irọ́ méjì fún ẹni tí a jọ ń gbélé, ẹ̀kẹta sì ń dúró dè mí nílé. Bí ohun tí mo fẹ́ rà bá dára, kí ni mo ń fi í pamọ́ sí?

Mo délé, mo jẹ́wọ́. Ìyàwó mi dákẹ́ títí, lẹ́yìn náà ó ní kí n mú òun lọ wo ọkọ̀ náà. Ó jókòó sínú rẹ̀, kò lè dìde mọ́. Èmi àti ẹni tí ń tà á ni a fà á jáde. Ó ní, "Olówó orí mi, bí ọkọ̀ yìí bá gbé wa dé òde, ta ni yóò gbé wa jáde nínú rẹ̀?" A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a ti ń lọ sílé, ó tún ní, "Ọkọ̀ náà kò dùn mí. Ọbẹ̀ tí mo sè fún aláìsàn tí kò sí, òun ni ó dùn mí."

Òrùlé ni a fi owó náà tún ṣe. Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ohun àlòkù kan bá wù yín, ìbáà ṣe ọkọ̀ tàbí fóònù, ẹ má ṣe kọ̀ ọ́ nítorí pé ó ti pẹ́. Ẹ béèrè ohun tí ojú rẹ̀ ti rí, ohun tí wọ́n yí padà lára rẹ̀, àti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tó san owó, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí yóò bá yín jìyà rẹ̀ bí ó bá bàjẹ́. Bí ẹnu yín bá wúwo láti sọ ọ́, ẹ dá owó náà padà sínú àpò.