Nígbà Tí Àgbà Bá Ní Ayé Sú Òun

Ìyá bàbá mi wà lábẹ́ ìtọ́jú wa ní Àjọwá nígbà tí wọ́n ní, “Ayé sú mi.” A kò pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara wọn. Ìbéèrè yìí kì í kọ́ni níkú. Ọkàn ló ń tú. Wọ́n sọ̀rọ̀, a sì gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ìrẹ̀wẹ̀sì kì í ṣe ara ogbó. Àìsàn tó gbóògùn ni.

Súúrà An-Nisá'i 29 ṣe pípa ara ẹni léèwọ̀. Al-Isrá'i 23 ní kí a má kanra mọ́ òbí tó darúgbó. Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fi àkọ́kọ́ wàásù fún àgbà, kó fi èkejì tọ́jú wọn. Kí Ọlọ́hun ràn wá lọ́wọ́. Àmín.