Dígí Bí Èékánná Ló Gbé Wa Dé Bẹyẹrunká

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mi ò sì kúrò ní àárín Ìbàdàn àtijọ́. Láti Ọjà'ba dé Bẹyẹrunká ni. Ẹni tó bá mọ àdúgbò kò ní pe ìyẹn ní ìrìn-àjò. Ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lórí mi lọ́jọ́ náà, bó bá tún fi lè bọ́ lulẹ̀, owó àjọ ọdún kan gbáko ló bá a lọ.

Àbúrò ìyá tó bí mi ló ni ẹrù. Aláǹkárá ni wọ́n l'Ọ́jà'ba. Nígbà tí wọ́n kó àjọ, wọ́n ra ẹ̀rọ iná léésà fún ọmọ wọn ọkùnrin, èyí tí wọ́n máa ń gbé sí ẹ̀gbẹ́ díjè lóde ìnáwó, tó máa ń fi iná ya òdòdó, ẹyẹ àti orúkọ ìyàwó sára ògiri. Ọmọ ń fi háyà, owó ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Àfi lóru ọjọ́ kan tí wọ́n ń palẹ̀ òde mọ́, tí ẹnì kan fẹsẹ̀ kọ́ wáyà, tí ẹ̀rọ já lulẹ̀ gbì! Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá tan án, fáànù rẹ̀ á máa yí, inú àpótí á mọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n iná kankan kò ní gba ojú fèrèsé rẹ̀ jáde.

Ọmọ tú u wò, ó rí i pé dígí kan tí kò ju èékánná lọ ló fọ́ nínú rẹ̀. Ó ní, ṣebí dígí náà ni! Ló bá gé igun kan lára dígí àtíkè ìyá ẹ̀, ó fi súpà-gúlù lẹ̀ ẹ́. Iná jáde lóòótọ́ o. Ṣùgbọ́n òdòdó kan di méjì lórí ara wọn, ọ̀kan mọ́lẹ̀ kedere, èkejì rí bàìbàì bí òjìji, àwòrán náà sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Kò pẹ́ ni wọ́n gbóòórùn nǹkan tó ń jóná. Ibẹ̀ ni ìyá mi kékeré ti figbe ta, wọ́n pè mí: “Ìwọ tó o máa ń bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sọ̀rọ̀ nínú ìwé ìròyìn, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe fún mi!”

Mo fi ìró wé ẹ̀rọ sínú bàsíà, mo gbé e rù. Ìyá wà lẹ́yìn mi: “Rọra o! Wo gọ́tà!” Bí ẹ bá gba àárín Ọjà'ba lọ́wọ́ àárọ̀, ẹ mọ̀ pé ọ̀nà kò gba ẹni tó gbé ẹrù ẹlẹgẹ́. Elélùbọ́ níhìn-ín, aláta lọ́hùn-ún, ọlọ́kadà ń fọn fèrè sí wa létí. Lókè, Gbọ̀ngàn Màpó tí ìjọba òyìnbó ṣí lọ́dún 1929 dúró pẹ̀lú àwọn òpó ràgàjì rẹ̀, ó ń wo gbogbo páànù dídípẹtà tó yí i ká. Àwọn àlejò a máa sọ pé Ilé Kòkó tí wọ́n kọ́ parí ní 1965 ni Ìbàdàn. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì dúró ní Màpó wo ìsàlẹ̀, ó kù síbì kan.

Nígbà tí a wọ agboolé, ọ̀nà di tóóró, ògiri alámọ̀ lápá ọ̀tún, ògiri alámọ̀ lápá òsì. Ibojì àwọn baba ńlá wà níwájú ilé, wọ́n sá aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A kí títí ẹnu fi rẹ̀ wá. Màmá àgbà kan béèrè bóyá gàrí la gbé wá tà.

Ọ̀gá tá a wá rí, yàrá rẹ̀ kọjú sí ti ìyá rẹ̀. Rédíò ló kọ́kọ́ máa ń tún ṣe, ó bọ́ sórí fídíò, ó bọ́ sórí ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ, kó tó wá di oníná pátì. Kò ní sọ́ọ̀bù. Tábìlì kan lójú fèrèsé àti agolo mílíìkì mélòó kan ni gbogbo ẹrù iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí àpótí wa, ó wò ó, ó ní: “Ta ló fọwọ́ kan eléyìí?” Èmi àti ìyá mi kékeré wo ara wa. Ọmọ tó ni ìwà kò kúkú tẹ̀ lé wa.

Ló bá fi hàn wá. Dígí méjì ló wà níbẹ̀, kálukú lórí mọ́tọ̀ kékeré tirẹ̀. Mọ́tọ̀ náà kì í yí po bíi ti fáànù, ṣe ló máa ń mì lọ mì bọ̀. Dígí kìíní ń ju iná sọ́tùn-ún sósì, èkejì ń jù ú sókè sílẹ̀. Ojú kan ṣoṣo ni iná yẹn, ṣùgbọ́n ó yára débi pé ojú wa kò lè bá a. Ṣé ẹ rántí bí a ṣe máa ń fi ẹ̀kù igi iná yí po lóru nígbà tí a wà lọ́mọdé, tá a wá ń rí òrùka iná? Òun náà nìyẹn. Ọ̀gá ní ẹ̀rọ tiwa lè fi àmì 20,000 sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan.

“Ẹ gbé abẹ̀bẹ̀ fẹ́ra, ó rọrùn,” ló sọ fún ìyá mi kékeré. “Ẹ wá fi ọpọ́n ayò fẹ́ra bákan náà, ṣé apá yín kò ní já?” Dígí àtíkè nípọn ju èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ, ló jẹ́ kí àwòrán máa gbọ̀n, tí mọ́tọ̀ ń gbóná.

Ti òdòdó tó di méjì ńkọ́? Ó ní kí ìyá mú ìyókù dígí àtíkè wọn wá. Ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ kàn án. Ẹ̀yin náà ẹ lọ dán an wò nílé: àlàfo kékeré máa wà láàárín abẹ́rẹ́ àti àwòrán rẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n kun fàdákà dígí ilé sí, kí ọwọ́ má baà bó o. Nítorí náà, ojú gíláàsì á dá díẹ̀ padà, nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀yìn á wá dá èyí tó pọ̀ padà. Iná méjì dé. Ó mú dígí kan látinú agolo, ó sún abẹ́rẹ́ mọ́ ọn láìjẹ́ kó kàn án, ẹnu abẹ́rẹ́ àti àwòrán rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu ko ara wọn. Iwájú ni wọ́n kun tiẹ̀. Lára ẹ̀rọ mìíràn tó ti kú, irú kan náà pẹ̀lú tiwa, ló ti yọ ọ́.

Ọtí tí ẹ̀yin obìnrin fi ń pa ọ̀dà èékánná rẹ́ ló fi tu súpà-gúlù yẹn. Gúlù náà ti tu èéfín funfun sára dígí kejì, bí èémí sára gíláàsì, ó fi sípírítì àti òwú nù ún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ̀mú ló fi di etí dígí tuntun mú, ó ní bí ọ̀rá ìka bá kan ojú rẹ̀, léésà máa sun ún mọ́ ọn. Gọ́ọ̀mù onítúúbù méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ ló fi lẹ̀ ẹ́. Ó ní ká lọ, ká padà wá lọ́la.

Ìyá mi kékeré kò lọ. Wọ́n jókòó, wọ́n béèrè ohun tó ti ń jẹ wọ́n lọ́kàn: ṣé òótọ́ ni pé iná yìí ń fọ́jú? Mo rò pé ọ̀gá máa rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ọdún 1960 tá a gba òmìnira gan-an ni Theodore Maiman tan léésà àkọ́kọ́ l'Ámẹ́ríkà, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti mọ̀ pé ẹyin ojú máa ń kó iná yẹn jọ sójú kan lẹ́yìn ojú lọ́hùn-ún, á sì jó ibẹ̀. Kò ní dun èèyàn rárá, nítorí ibẹ̀ kì í mọ ìrora. Tọ́ọ̀ṣì léésà tí àwọn olùkọ́ fi ń tọ́ka sára pátákó kò yẹ kó ju mílíwáàtì 5 lọ, ti ìyá jẹ́ 1,000. Kódà òjìji òdòdó ọjọ́sí, ìdá mẹ́rin yẹn, 40 ni. Ìyá dákẹ́ lọ gbári. Gbogbo òde tí ọmọ wọn ti tan iná yẹn sójú àwọn oníjó ni mo mọ̀ pé wọ́n ń kà lọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tẹ̀ lé wa. Tipátipá ni. Ọ̀gá lé gbogbo ọmọdé jáde, ó wọ awò ojú tí wọ́n ṣe fún léésà, ó dín agbára iná kù pátápátá, ó wá tàn án sí ògiri alámọ̀. Òdòdó yọ! Ẹyọ kan, ó dúró wámúwámú. Ìyá mi kékeré pàtẹ́wọ́. Àfi bí ọmọ kékeré kan ṣe já wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, tó ń nawọ́ sí i. Kí n tó ṣẹ́jú, ọ̀gá ti pa iná.

Ó yíjú sí ọmọ wa. Ó ní: “Báyìí ni wàá máa pa á.” Ó fi tépù dúdú bo ìdajì ìsàlẹ̀ fèrèsé ẹ̀rọ, kí iná má lè sọ̀ kalẹ̀ dé orí èèyàn, ó ní orí tábìlì gíga ni kó máa gbé e sí, kó sì di wáyà mọ́lẹ̀. Ìyá mi kékeré sanwó lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní kí n má gbàgbé láti kọ ìyẹn síbẹ̀, àti pé ọmọ wọn ló máa ra dígí àtíkè mìíràn.