Awọ, Àwọ̀ àti Kámẹ́rà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá pé kí ló kan ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá nínú ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán yẹ ara wò, ọ̀rọ̀ méjì la fi ń dáhùn: awọ àti àwọ̀. Awọ ni ohun tó bo ara. Àwọ̀ ni bó ṣe dúdú, tó pupa tàbí tó funfun. Ẹ mú àmì ohùn kúrò, wọ́n di ọ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: á wo àwọ̀, á ṣe bí ẹni pé òun ti mọ awọ.

Ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Odò Ògùn kò jìnnà sí wa. Kòkòrò dúdú kékeré tí ń yé ẹyin sínú odò tó ń sáré ló ń gbé àrùn tó ń fọ́ ènìyàn lójú kiri, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì wà lára ibi tó ti jà. Àrùn náà kò mọ sí ojú. Ó ń mú ara yún. Bó bá pẹ́ lára, àwọ̀ ojúgun á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, á funfun lábalábala, àmì dúdú kéékèèké nìkan ni yóò ṣẹ́ kù ní ìdí irun. Àwọn dókítà ń pè é ní awọ àmọ̀tẹ́kùn.

Ibí ni kámẹ́rà ti wúlò. Àmì wínníwínní ló para pọ̀ di àwòrán orí fóònù. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà mẹ́ta, fún pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, láti 0 dé 255. Ẹ̀rọ á fi nọ́ńbà ibi tó ti ṣí wé ti ibi tó ṣì dúdú lára ẹni kan náà, á sì ṣírò bí ibi tó ṣí ṣe fẹ̀ tó. Bí wọ́n bá tún ya ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, á hàn bóyá ó ń fẹ̀ sí i. Ojú lásán kò lè rántí tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń tanni jẹ. Ẹni tó bá ń ra aṣọ òkè mọ èyí: ẹtù lábẹ́ iná mànàmáná kì í jọ ẹtù nínú oòrùn, ìta ló yẹ ká ti wò ó ká tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò. Ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, kí káàdì tí a mọ àwọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kí ẹ̀rọ lè fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ó tún ku ara ta ni ẹ̀rọ fi kọ́ṣẹ́. Ní 1975, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Thomas Fitzpatrick, gbé òṣùwọ̀n àwọ̀ kan kalẹ̀ tó dá lórí bí oòrùn ṣe ń jó aláwọ̀ funfun. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n fi tiwa kún un. Ní 2022, àwọn olùwádìí ní Stanford fi àwòrán 656 dán àwọn ẹ̀rọ kan wò, wọ́n sì rí i pé wọn kò dá àrùn mọ̀ lára adúláwọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ lára aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Ká tilẹ̀ ní wọ́n tún gbogbo èyí ṣe, ọ̀kan kù. Ẹ̀tẹ̀ náà máa ń mú àwọ̀ ara ṣí lábala. Ohun tó sábà máa ń yà á sọ́tọ̀ ni pé ojú ibẹ̀ kì í mọ nǹkan lára: wọn á fi òwú kàn án, aláìsàn kò ní mọ̀. Fọ́tò kò lè rí ìyẹn. Oògùn ẹ̀tẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ kó tó rí i gbà lè pàdánù ìka. Bí wọ́n bá sì ṣèèṣì pe awọ àmọ̀tẹ́kùn ní ẹ̀tẹ̀ lójú ọjà, ta ni yóò tún ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá náà?

Nítorí náà, iṣẹ́ wà fún wa. Ẹni tó ń kọ ẹ̀rọ yìí nílò ẹni tí yóò kọ ìbéèrè rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Òkè-Ògùn: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ gbà ká ya ẹsẹ̀ yín?” “Ṣé ó ń yún yín?” “Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n lára bí mo ṣe fọwọ́ kàn án yìí?” Ìdáhùn sí ìbéèrè ìkẹyìn yẹn kò sí nínú nọ́ńbà kankan láti 0 dé 255.