ÒṢÒDÌ WO NI O SỌ?

Mo fẹ́ sọ ìtàn kan fún yín tí ojú ṣì ń tì mí láti sọ títí di òní. Mo gbà pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ó ń wọ ọkọ̀, àti pàápàá fún àwọn tí ó ń gbèrò láti kọ́ ibùdókọ̀ ńlá sí àárín ìlú.

Ní ọdún 1995, kò tíì pẹ́ tí mo parí ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì tí wọ́n fi rán mi sí ìjọ kékeré kan ní Èkó. Ìyá mi, tí wọ́n ń gbé ní Iléṣà, fẹ́ wá wo ibi tí mo wà. Kò sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ irú àwa nígbà náà. Mo kọ lẹ́tà, mo fi rán awakọ̀ kan sí wọn pé: "Màmá, ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Òṣòdì ní ọjọ́ Sátidé. N ó wá pàdé yín níbẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́." Mo rò pé mo ti ṣètò.

Ẹni tí ó bá mọ Òṣòdì ìgbà náà yóò ti máa mi orí. Òṣòdì kì í ṣe ibì kan ṣoṣo. Òṣòdì Òkè wà, Òṣòdì Ìsàlẹ̀ wà. Abẹ́ afárá wà, ẹ̀bá ojú irin wà, ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Agége yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ sí Mushin. Ọjà ni ó kún àárín gbogbo rẹ̀, tí mólùè àti dánfó ń fi inú ọjà ṣe ọ̀nà. Èmi dúró sí Òkè. Awakọ̀ já màmá sí Ìsàlẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo tún gòkè, títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo ń gbàdúrà, mo sì ń bínú sí ara mi.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù kí n tó rí wọn. Wọ́n jókòó lórí àpò gàárì tí wọ́n gbé wá fún mi, lẹ́yìn tábìlì obìnrin kan tí ó tan àtùpà ta búrẹ́dì. Obìnrin náà kò mọ̀ wá rí. Ó ti fún wọn ní omi àti búrẹ́dì, ó sì ti palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ó kọ̀ láti lọ sílé títí ẹni tí ó ni àlejò yóò fi dé. Màmá kò bá mi jà. Wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Àjàní, Òṣòdì wo ni o sọ?"

Kò sí ẹni tí ó jókòó ṣètò pé kí Òṣòdì rí bẹ́ẹ̀. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba ibẹ̀ kọjá. Títì Agége bá a rìn. Nígbà tí ó yá, títì ńlá tí ó ti Àpápá wá gba orí wọn kọjá. Ibi tí ọ̀nà bá ti pàdé ni èrò ń dúró sí, ibi tí èrò bá dúró sí ni ọlọ́jà ń pàtẹ. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kó àwọn tí ó ń pàtẹ sójú títì kúrò. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, wọ́n wó ọjà Owónifáàrí kí àyè lè wà fún ibùdókọ̀ tuntun. Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari wá ṣí ibùdókọ̀ náà.

Ní ọdún náà, èmi àti ìyàwó mi lọ wò ó. Ilé ńlá mẹ́ta ni: ọ̀kan fún ọkọ̀ tí ó ń lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, méjì fún ọkọ̀ tí ó ń rìn láàárín Èkó. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ so wọ́n pọ̀, kí ènìyàn má baà sáré kọjá níwájú ọkọ̀. Màmá ti sùn nínú Olúwa láti ọdún 2011. Mo dúró lórí afárá náà pẹ́. Ìyàwó mi kò bi mí ohun tí mo ń rò.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀ lé e, mo sọ ìtàn màmá fún ìjọ, mo sì yin iṣẹ́ náà gidigidi. Mo ní gbogbo rúkèrúdò ibẹ̀, àti àwọn ọlọ́jà ojú títì, ti di ohun àná. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan tí ó ń ta búrẹ́dì ní àdúgbò wa kúnlẹ̀ kí mi. Ó ní, "Ẹ má bínú sà. Ta ni ó tọ́jú màmá lálẹ́ ọjọ́ yẹn?"

Mo ní oníbúrẹ́dì ni.

Ó ní, "Nínú ilé tí ẹ lọ wò yẹn sà, níbo ni wọ́n fi oníbúrẹ́dì sí?"

N kò lè dá a lóhùn. Mo ti jẹ oore obìnrin náà tán, mo wá fi ẹnu ara mi gbá a dànù. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, níwájú ìjọ kan náà, mo tọrọ àforíjì.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé kí ọjà padà sí ojú títì, nítorí ẹ̀mí ènìyàn kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tí ó bá ń ya àwòrán ibùdókọ̀ ka ènìyàn kí ó tó ka ọkọ̀. Kí ó ka ìyá arúgbó tí ó gbé àpò gàárì. Kí ó ka aboyún, afọ́jú, àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Báwo ni ọ̀nà ṣe jìn tó láti inú ọkọ̀ kan dé inú èkejì? Ṣé iná wà lálẹ́? Ṣé omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà? Ṣé a kọ orúkọ sí ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ní èdè tí àlejò lè kà? Níbo ni ẹni tí ó ń ta búrẹ́dì àti omi yóò jókòó sí, ní owó tí agbára rẹ̀ ká?

Àárín ìlú pẹ̀lú kì í ṣe ibi tí ó bọ́ sí àárín nínú àwòrán. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń pàdé ni. Ẹ wo Ìbàdàn. Láti ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń kó èrò láti Èkó dé Mọ́níyà. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n etí ìlú ni Mọ́níyà wà. Ẹni tí ó ń lọ sí Mọ́lété ṣì ní láti wá ọkọ̀ mìíràn, kí ó sì la gbogbo ìlú já. Ní ti Òṣòdì, ọkọ̀ ojú irin tí ó ń ti Agbádó lọ sí Oyíngbò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó sì ń dúró níbẹ̀. Káàdì kan náà ni èrò fi ń wọ̀ ọ́ tí ó sì fi ń wọ bọ́ọ̀sì ìjọba. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn: ibi tí ọ̀nà ti pàdé tẹ́lẹ̀ ni kí a tún ṣe.

Nígbà tí Nehemáyà dé Jerúsálẹ́mù, kò kọ́kọ́ pe ìpàdé. Ó jáde lóru, ó yí odi náà ká, títí ó fi dé ibi tí ẹran tí ó gùn kò ti rí ọ̀nà kọjá. Ẹ̀yìn èyí ni ó tó sọ̀rọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ni ó tún ibi tí ó kọjú sí ilé wọn ṣe. Ìwọ ayàwòrán ilé, ìwọ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó wà láàárín wa, fi ẹsẹ̀ rìn ín lálẹ́, kí o sì gbé ẹrù lọ́wọ́, kí o tó fọwọ́ sí ìwé. Ẹ̀yin awakọ̀ àti ẹ̀yin ọlọ́jà, bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí ibùdókọ̀ tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí àdúgbò yín, ẹ má jókòó sílé. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè.

N kò rí obìnrin oníbúrẹ́dì náà mọ́. Mo padà wá a ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ẹlòmíràn ti wà ní ibi tí tábìlì rẹ̀ wà. N kò tilẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé ìlú kan fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ tuntun, òun ni mo ń bá wá àyè. Kí Olúwa rántí rẹ̀ sí rere.