Ìṣẹ́tí Aṣọ

Kérésìmesì 2018 bá mi nínú kíláàsì. Ọjọ́ Tuesday ni, àwọn ọmọ praimárì ń ka "this is" àti "that is" tẹ̀lé mi. Ní Chiang Mai, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Táílándì, ọjọ́ iṣẹ́ ni December 25. Àwọn ọmọ ọ̀hún dé fìlà pupa, wọ́n gba súìtì lọ́wọ́ mi, ìwé yá. Ẹlẹ́sìn Búdà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn, ká rí Krìstẹ́nì kan, ó tán. Ẹ wá wo èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà láàárín ẹ̀rọ gbohùngbohùn ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́ta ní Òṣogbo!

Ọdún kan ni mo fi ṣe tíṣà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ kò ju ogójì ènìyàn lọ. Sunday àkọ́kọ́ tí wọ́n ní ká gbàdúrà, mo ti nawọ́ sókè, mo ti fẹ́ máa janlẹ̀ bíi tàwa fẹ́lóṣíìpù, kí n tó rí i pé èmi nìkan ni. Àwọn kàn dijú, wọ́n ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ọmọ ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí ìsìn bá parí, gbogbo wa á jókòó jẹ ìrẹsì. Phra Chao ni wọ́n ń pe Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ "Phra" yẹn náà sì ni wọ́n fi ń pe àwọn mọ́ńkì tó ń wọ aṣọ olómi ọsàn. Inú mi ò dùn sí i rárá. Ìgbà tó yá ni mo rántí pé "Olódùmarè" tí à ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, Krìstẹ́nì kọ́ ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń tẹ dùùrù fún wa ni ọ̀rẹ́ mi. Phi ni mo máa pè é, torí bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Òun ló sọ ìtàn ìlú wọn fún mi. Míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà kan, Daniel McGilvary, dé Chiang Mai ní 1867. Ó sọ fún Nan Inta, ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn Búdà, pé òṣùpá máa bo oòrùn ní August 18, 1868. Wọ́n ti kọ́ bàbá yìí pé ẹ̀mí àìrí kan ló máa ń gbé oòrùn mì. Ọjọ́ pé, ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, bàbá sì di Krìstẹ́nì. Ní 1869, ọba Chiang Mai pa méjì nínú àwọn onígbàgbọ́ tuntun. Ọdún 1878 ni àṣẹ jáde pé ẹ̀sìn tó bá wu kálukú ni kó ṣe.

Phi ní, "Kò sẹ́ni tó ń pa wá mọ́. Ìyá ẹni nìkan ló kù."

Mo rò pé àwàdà ni.

February 2019, ìyá Phi kú. Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Níbẹ̀, ọmọkùnrin tó bá wọ aṣọ mọ́ńkì, ì báà jẹ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, oore ló ń kó jọ fún àwọn òbí rẹ̀. Wọ́n ní ìṣẹ́tí aṣọ ọmọ yẹn ni ìyá á dì mú gòkè ọ̀run. Phi nìkan ni ọmọkùnrin tí ìyá rẹ̀ bí, kò sì wọ̀ ọ́ rí. Ẹbí wá bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe ti ọjọ́ kan péré: kí wọ́n fá orí rẹ̀ láàárọ̀, kó wọ aṣọ náà títí wọn á fi sun òkú, kó bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ọkùnrin bẹ̀ ẹ́ títí omi bọ́ lójú bàbá náà. Ọjọ́ kan péré! Ta ló máa gbọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì?

Phi ní òun ò lè ṣe é.

Àbúrò ìyá rẹ̀ obìnrin wò ó, ó ní, "Kí ló máa wá dì mú báyìí?"

Nínú mi, mo ní "Ọlọ́run ṣeun, ó yege." Mo rò pé á kó bàtà rẹ̀, á máa lọ sílé ni. Kò lọ o. Gbogbo alẹ́ mẹ́ta tí àwọn mọ́ńkì fi ka àdúrà wọn, kò mú tùràrí dání, ṣùgbọ́n òun ló ń to àga, òun ló ń pín omi, òun ló ń fọ àwo títí di òru, táwọn ìbátan ń wò ó bí olè. Lọ́jọ́ tí wọ́n sun òkú, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjìlá, ni wọ́n fá lórí. Phi gbé fọ́tò ìyá rẹ̀ síwájú pósí, wọ́n yí ilé ìsunkú ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi òdòdó tí wọ́n fi igi ṣe sórí pósí bíi tàwọn yòókù. Mo yọ́ bi í létí pé ṣé ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

"Ìyá mi ni," ó ní. Kò tiẹ̀ wo ojú mi.

Ẹ̀yin ará ibí, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan nínú ọgbà yìí. Ìyá àgbà tó tọ́ mi, olóòṣà Ọ̀ṣun ni wọ́n. Wọ́n kú ní 2013, mo wà ní 200 level níléèwé tí mo kọ́kọ́ lọ, èmi ni mò ń darí àdúrà fẹ́lóṣíìpù. Kò sẹ́ni tó ní kí n bọ nǹkan kan. Màámi kàn ní kí n ṣáà wá. Mo ní mo ní tẹ́ẹ̀sì. Kò sí tẹ́ẹ̀sì kankan. Mo gbààwẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin wọ́n, nígbà tó di Sunday mo jẹ́rìí pé mo borí ìdẹwò ilé bàbá mi, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sun ìyá Phi, mo pe màámi. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni lọ́dọ̀ mi, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wọn. Mo ní, "Màámi, kò sí tẹ́ẹ̀sì kankan lọ́jọ́ tẹ́ ẹ sin Ìyá."

Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé káàdì ti tán.

"Mo mọ̀," wọ́n ní. "Aṣọ ẹbí tìẹ ṣì wà nínú àpótí. Yáàdì mẹ́rin." Wọ́n wá bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Mo ti gba aṣọ náà. Funfun ni, ó ti pọ́n díẹ̀ níbi ìṣẹ́po. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé e lọ bá télọ̀ tó wà lẹ́yìn géètì. Ó wọn èjìká mi, ó wọn apá, ó wá ń bi mí pé òde wo ni mo fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ.